Ìgò Mẹ́fà Tí Ebi Pa

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè tó le," ni Ishraf wí. "Ẹ má ṣojú àánú, Àǹtí. Àwọn márùn-ún tó máa jókòó síwájú mi lọ́jọ́ náà, kò sí aláàánú kankan nínú wọn."

Najiba wà nídìí omi ẹ̀rọ nínú láàbù, ó ń fọ ìgò. Ó pa omi, ó nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù funfun tó wọ̀, ó wá jókòó sórí àga gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Kí ni èmi afọ̀gò fẹ́ bi dókítà?"

"N ò tíì di dókítà. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún tí wọ́n máa dán mi wò fún oyè."

"Ó dáa. Jíìnì tó o jókòó tì láti ọdún mẹ́rin, tí o ò jẹ́ kí ọkọ rí ẹ fẹ́, kí ló wúlò fún?"

Ishraf bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀!"

"Kò bẹ̀ mí. Ọ̀fẹ́ ni mo ń bá a ṣe é. Dáhùn."

Ishraf tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó dúró ṣánṣán bí ẹni pé àwọn adánniwò ti wà níwájú rẹ̀. "Jẹjẹrẹ tó bá jókòó sójú kan, oníṣẹ́ abẹ lè gé e kúrò. Èyí tó bá gbéra, tó gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí sínú eegun, òun ló ń pa èèyàn. Jíìnì yìí ni oníbodè. Kì í pa jẹjẹrẹ, kì í sì í sọ ọ́ di kékeré. Kì í ṣáà jẹ́ kó kọjá ni. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti ń rìn kiri, oníbodè yìí kò kú, kò sì sọ nù. Okùn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ni wọ́n ti ká mọ́ra pinpin, tí sẹ́ẹ̀lì ò fi lè kà á mọ́. Oògùn wárápá àtijọ́ tí a lò yìí ló ń tú okùn náà, tí oníbodè fi ń jí."

"Ó dùn létí," ni Najiba wí. "Èwo ló wá le níbẹ̀?"

"Èyí tí Ìyáàfin Wided, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn, máa bi mí ló le. Mo mọ obìnrin yẹn, láti Monastir ló ti máa gbé e bọ̀." Ishraf sún awò ojú rẹ̀ wá sí orí imú, ó sọ ohùn rẹ̀ di ti àgbàlagbà. "'Ọmọ mi, kì í ṣe oògùn nìkan ló ń jí jíìnì yìí. Ebi ń jí i. Àìrí afẹ́fẹ́ ń jí i. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fún mọ́ra jù nínú ìgò, á jí. Báwo lo ṣe mọ̀ pé oògùn ló ṣe é?'"

Najiba yíjú sí i. "Ebi?"

"Ebi ni o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo ń kàwé nílé ni mo rí i. Tí oúnjẹ bá tán nídìí sẹ́ẹ̀lì, oníbodè á dìde fúnra rẹ̀."

"Kí lo máa wí fún un?"

"Màá wí pé, 'Ìyáàfin, ìgò tó mu oògùn àti èyí tí kò mu, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ. Wákàtí méjìléláàádọ́rin ni tọ̀tún tòsì, kò lé, kò dín. Àkọsílẹ̀ wà.' Màá wá nawọ́ sí yín lẹ́yìn yàrá, màá ní, 'Obìnrin tó ṣe é nìyẹn. Kò ṣàṣìṣe rí.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dáa," ni Najiba wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó padà sídìí omi, ó sì tún ìgò tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ fọ̀.

Kò sí ohun tó ṣòro rántí nínú bó ṣe ṣe ìgò wọ̀nyẹn. Oṣù ààwẹ̀ tó kọjá ni. Láàbù ń ṣí ní aago mẹ́jọ, wọ́n sì ń tì í ní aago méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lamjed, ọ̀gá wọn, ní kí ìgò méjìlá jáde kí ọdún tó dé: mẹ́fà tó mu oògùn, mẹ́fà tí kò mu. Ishraf wà ní Tunis lọ́sẹ̀ yẹn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè kó sẹ́ẹ̀lì inú ìgò méjìlá jáde láàárín wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú òùngbẹ lọ́fun, nítorí náà Najiba pín iṣẹ́ náà sí méjì. Àwọn tí kò ní mu oògùn, ó fún wọn ní oúnjẹ tuntun lọ́jọ́ Ajé, kó lè kó wọn ní Ọjọ́bọ. Àwọn tó máa mu oògùn, ó fún wọn ní oúnjẹ àti oògùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó lè kó wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́ta fún àwọn tibí, ọjọ́ mẹ́ta fún àwọn tọ̀hún. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ yẹn ni ààwẹ̀ pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Gbogbo Sfax ló ń sọ pé oṣù máa pé ọgbọ̀n. Fethi ọkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹja oníyọ̀ fún un sọ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ní kó má yára ra ẹja, pé ọjọ́ méjì ṣì ń bẹ. Najiba kó ìgò mẹ́fà àkọ́kọ́, ó ti ilẹ̀kùn láàbù, ó relé lọ jókòó ti ìkòkò àlùbọ́sà tí wọ́n fi ń ṣe chermoula, ọbẹ̀ ọdún, èyí tó máa ń wà lórí iná láti ọ̀sán di àṣáálẹ́ kó tó rọ̀ dáadáa. Àlùbọ́sà ò tíì rọ̀ tí rédíò fi kéde pé wọ́n ti rí oṣù.

Lówùúrọ̀ ọdún, ó ń fi búrẹ́dì mú chermoula pẹ̀lú ẹja oníyọ̀, ó sì rántí ìgò mẹ́fà tó kù. Ó fi òkèlè náà sílẹ̀. Mabrouk tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Kerkennah lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà lápò rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọdún ṣì ni. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àna wá kí i. Ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ló tó ṣí àpótí ìgbóná tí wọ́n ń tọ́jú ìgò sí. Omi oúnjẹ tó máa ń ní àwọ̀ òdòdó ti ṣá nínú ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó dà bí ìtọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ó mọ ohun tí àwọ̀ yẹn ń wí. Oúnjẹ ti tán, ìdọ̀tí ló kù.

Ó yẹ kó dà wọ́n nù. Ó ti gbé àkọ́kọ́ lọ sídìí omi nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Najiba, ọdún á yabo! Ṣé wọ́n ti ṣetán?" Ó ní wọ́n ti ṣetán. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí oògùn bá pẹ́ lára wọn, ṣebí ó máa tún ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Fọ́ọ̀mù tí Ishraf tẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sí Tunis wà lórí tábìlì. Wọ́n ti kọ wákàtí 72 sí i tẹ́lẹ̀, àmì lásán ni wọ́n ní kó fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà ó kó ohun tó rí nínú ìgò méjìlá sínú fíríìsà, láti inú wọn sì ni Ishraf ti wọn gbogbo ohun tó wọ̀n. Oníbodè jí ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ọ̀jọ̀gbọ́n ra bàkìláwà, àkàrà olóyin, fún gbogbo àjà kẹta. Kò sẹ́ni tó tún ìdánwò náà ṣe mọ́.

Ọjọ́ tí Ishraf sọ̀rọ̀ ebi yìí, Najiba ò sọ nǹkan kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò tíì mọ̀ dájú. Ó lè jẹ́ pé oògùn náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kó wá jẹ́ pé ariwo lásán lòun á fi ba ọjọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun ọ̀sán, ó yọ sẹ́ẹ̀lì láti inú òtútù, ó jẹ́ kí wọ́n jí, ó pín wọn sí ìgò mẹ́fà. Kò fi oògùn sí ọ̀kankan nínú wọn. Mẹ́ta, ó máa kó wọn ní ọjọ́ kẹta. Mẹ́ta, ó máa fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà láìfún wọn ní nǹkan kan. Ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gègé dúdú.

Fethi ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ fọ́sífétì, ikọ́ ibẹ̀ ló bá a wálé. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ń bó ọsàn.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bi. Mo ní ta ló mọ̀?"

"Kò sí."

"Ó tán." Ó na ìlàjì ọsàn sí i. "Bó o bá sọ ọ́, ta ni wọ́n máa lé? Ọ̀jọ̀gbọ́n? Àbí ọmọbìnrin yẹn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ lọ́yà? Ibi tí ọgbà ti rẹlẹ̀ ni ewúrẹ́ ń gbà wọlé, Najiba. Ìwọ sì ni ọgbà náà rẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ jù."

"Wọ́n fẹ́ fún àwọn obìnrin kan ní oògùn náà mu nílé ìwòsàn."

"Ṣé ó máa pa wọ́n?"

"Kò ní pa wọ́n."

"Ṣé o rí i báyìí."

Kò bá a jiyàn. Ó jẹ ọsàn náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ gba ẹran ara tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpò lórí itan. Ọ̀kan nínú wọn, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Dalenda, ti mọ̀ ọ́n lójú. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀.

"Ìwọ lo máa ń gbé ẹran wa lọ nínú kúlà bí ẹja. Tèmi ńkọ́? Ṣé kì í yọ yín lẹ́nu níbẹ̀?"

"Kì í yọ wá lẹ́nu, Màmá."

"Irọ́ ni. Ara mi ni mo mọ̀ ọ́n sí, alágídí ni." Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Gbọ́, dókítà ní oògùn kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín, tí kò ní jẹ́ kó rìn. Pé ọmọ Sfax ló ṣe é, kì í ṣe àwọn ará Tunis afẹnujẹ́ yẹn. Mo ní, fi orúkọ mi sí i kíákíá. Èmi ni ẹni kẹrin nínú mẹ́rìndínlógún."

"Ṣé wọ́n sọ fún yín bó ṣe máa ń ṣe èèyàn?"

"Wọ́n ní ó máa ń mú oorun wá, ó máa ń mú èébì wá, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Èmi tí mo fi abẹ́rẹ́ jẹun!" Dalenda gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n. "Mo ní kó máa gbọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ ni kó dúró síbi tó wà. Ṣé ó máa dúró?"

Najiba di ìdérí kúlà mú. Ó fẹ́ dáhùn, wọ́n sì pe orúkọ Dalenda láti inú yàrá. Obìnrin náà dìde, ó ń di ìgbànú rẹ̀, kò tiẹ̀ dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tí ọjọ́ kẹfà pé, omi inú ìgò mẹ́ta náà ti ṣá gẹ́gẹ́ bíi ti ọdún. Ó kó wọn, ó wọ̀n wọ́n nínú ẹ̀rọ. Ó tún wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ kejì, torí ó fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ irọ́. Kì í ṣe irọ́. Nínú àwọn tó jẹun, oníbodè dákẹ́. Nínú àwọn tí ebi pa, ó jí ní ìlọ́po mẹ́jọ àti ààbọ̀. Oògùn ò sì dé ìgò kankan níbẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ishraf wọlé ní aago méjìlá pẹ̀lú báàgì aṣọ lọ́wọ́. "Àǹtí, ẹ wá wò ó. Ìyá mi ní àwọ̀ ewé dára, èmi ní ó máa mú mi dà bí tata. Ẹ tètè sọ̀rọ̀, ó ń dúró dè mí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bàkìláwà. Kílò mẹ́wàá ló ní kí wọ́n ṣe! Àfi bí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó."

"Jókòó, Ishraf."

"N ò lè jókòó, mo ní ó ń dúró…"

"Jókòó, ọmọ mi."

Ishraf jókòó. Najiba gbé ìwé tó jáde láti inú ẹ̀rọ síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó, kò pẹ́ tó fi rí ibi tó yẹ kó wò, ojú rẹ̀ tàn.

"Ó tún jí! Ẹ tún un ṣe fún mi, ẹ ò sì sọ. Ọjọ́ mélòó lẹ fi oògùn sí i?"

"Kò sí oògùn níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ebi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ, oṣù tó yọ kí wọ́n tó retí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó lọ sí Kerkennah, omi tó ṣá, fọ́ọ̀mù. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ishraf ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ èdè tí kò gbọ́ rí.

"Ọjọ́ mẹ́fà," ni Ishraf wí níkẹyìn.

"Ọjọ́ mẹ́fà."

"Ẹ sì fi àmì sí i."

"Mo fi àmì sí i."

"Ní ọjọ́ yẹn tí mò ń fi orúkọ yín yangàn níwájú yín, tí mo ní ẹ ò ṣàṣìṣe rí, ẹ dìde, ẹ lọ ń fọ ìgò!" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Ọdún mẹ́rin, Àǹtí! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di pípẹ́ẹ̀tì mú. Mo sọ fún ìyá mi pé ẹ jẹ́ ìyá mi kejì. Ìyá wo ló ń ṣe ọmọ rẹ̀ báyìí?"

Najiba fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ọkọ mi."

"Ṣé ó máa sọ ọ́?"

"Kò ní sọ ọ́ láéláé."

Ishraf tún wo ìwé náà. Ó gbé e. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀. "Ìwé kan ṣoṣo," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìwé kan ṣoṣo ni," ni Najiba wí. "Ọwọ́ rẹ ló wà. Bó o bá fà á ya, n ò ní bá ẹ jà. Àmọ́ mo ń lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní aago méjì. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò kúkú dákẹ́? Ẹ ti dákẹ́ láti ìgbà ọdún!"

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ebi ń jí i. Mo ti wá mọ̀ báyìí."

Ishraf gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Aṣọ aláwọ̀ ewé náà já bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò padà wá gbé e. Najiba gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tó dé àjà kẹrin ní aago méjì, Ishraf ti jókòó sórí àga níwájú yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ojú rẹ̀ wú. Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀, odindi. Kò wo Najiba. Ó dìde, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé ṣáájú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lamjed ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì máa ń dà bíi ti ẹni tí wọ́n jí kí oorun rẹ̀ tó tó. Ó ka ìwé náà, ó gbọ́ Najiba, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ẹyinjú. "Ẹ ti ilẹ̀kùn," ló wí, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

"Oògùn náà ṣì lè jẹ́ òótọ́," ló wí. "Ẹ ò lè sọ pé kì í ṣe òun."

"A ò lè sọ pé òun ni, Prof," ni Ishraf wí.

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ishraf á gba oyè rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án òní. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́, a ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kí ilé ìwòsàn tó parí ètò, a ó ti mọ ibi tó dorí kọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó wá nǹkan wí. Ta lẹ máa pa lára?"

Najiba rí i pé Ishraf ń ronú sí i. Ó rí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, ó gbòòrò, kò sì sí ẹ̀gún níbẹ̀. Kò sí ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe sí ìyẹn.

"Ilé ìwòsàn ti ń kọ orúkọ, Prof," ni Najiba wí. "Mẹ́rìndínlógún ti pé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé ó máa dúró síbi tó wà. Aránṣọ ni. Oògùn tó ń gbọn ọwọ́ lẹ fẹ́ fún un."

"Kí lo dá a lóhùn?"

"Wọ́n pè é wọlé. Mi ò dá a lóhùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo Ishraf. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo ni oyè."

Ishraf kọ́kọ́ nu imú. "Ìyáàfin Wided máa bi mí," ló wí. "Mo ti mọ ìdáhùn tí mo fẹ́ fún un. Mo fi oṣù méjì kọ́ ọ sórí. N ò lè sọ ọ́ mọ́." Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì. "Ẹ sún ọjọ́ náà síwájú."

Ọkùnrin náà fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, ó kà á sókè: wọ́n ń tọrọ àforíjì, wọ́n ń gba àbájáde náà padà, nítorí àṣìṣe kékeré kan tó wáyé nínú ètò iṣẹ́.

"Kò kéré, Prof," ni Najiba wí. "Kò sì kàn wáyé. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ kọ orúkọ mi sí i."

"Najiba, kò pọn dandan. Àwọn tó wà lókè máa béèrè…"

"Bí ẹ ò bá kọ ọ́, Ishraf ni wọ́n máa rò pé ó ṣe é. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí iṣẹ́ náà."

Òótọ́ ni. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ìwé mẹ́tàlélógún ló ti jáde láti láàbù yẹn. Najiba mọ iye wọn, òun ló ń tò wọ́n sí ṣẹ́ẹ̀fù. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ọ̀kankan.

"Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Mo mọ̀."

Ó kọ ọ́: Najiba Ketata, òṣìṣẹ́ láàbù. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i kó lè kà á. Najiba kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ishraf ń lọ níwájú, Najiba ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àjà kẹta. Fóònù Ishraf dún, ó wò ó, ó rí i pé ìyá rẹ̀ ni, kò gbé e. Nínú láàbù, ó mú ẹ̀wù funfun, ó wọ̀ ọ́, ó ń di bọ́tìnnì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

"Ìgò sẹ́ẹ̀lì mélòó ló mọ́ nínú àpótí ìgbóná?"

"Ìgò mẹ́rin."

"Ẹ kó méjì, kí n kó méjì. Ẹ̀yin ẹ ṣe ti oògùn, èmi á ṣe èyí tí kò ní oògùn. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà." Ó ń wá ìbọ̀wọ́ nínú páálí, kò gbójú sókè. "N ò tíì dárí jì yín o."

"Mo gbọ́," ni Najiba wí, ó sì lọ gbé ìgò.